Gbólóhùn Tí Mo Sọ Fún Ẹ̀gbọ́n Mi

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń ta aṣọ ní Abijan nígbà tí ogun dé síbẹ̀. Èmi ń ta gílóòbù iná mọ́tò ní Abossey Okai, ọjà ẹ̀yà mọ́tò ní Gana níbí, a sì máa ń bá ara wa sọ̀rọ̀ lórí fóònù ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ọ́. Ọkùnrin méjì ló ń pe ara wọn ní Ààrẹ lọ́hùn-ún, àwọn méjèèjì sì ń bá ìlú sọ̀rọ̀.

Ìbọn kọ́ ni ẹ̀gbọ́n mi kọ́kọ́ sọ fún mi. Ilẹ̀ gbígbá ni. Láti ọjọ́ pípẹ́, òun àti obìnrin ilé kejì, ọmọ ìlú náà, ni wọ́n jọ ń gbálẹ̀: ẹni tó bá kọ́kọ́ jí á gbá iwájú ilé méjèèjì. Lọ́jọ́ kejì tí ọ̀kan nínú àwọn Ààrẹ náà sọ̀rọ̀ nípa àwọn àlejò lórí tẹlifíṣọ̀n, obìnrin yẹn gbá tirẹ̀ nìkan, ó sì dúró láàárín ilé méjèèjì. Kò sí ògiri níbẹ̀, àmọ́ ipa ìgbálẹ̀ rẹ̀ gún bí ẹni fi okùn wọ̀n ọ́n.

"Ẹ ò bi í ni?"

"Mo kí i. Ó dáhùn dáadáa, ó tiẹ̀ rẹ́rìn-ín." Ẹ̀gbọ́n mi rẹ ohùn sílẹ̀. "Gbogbo àdúgbò ti gbálẹ̀. Iwájú ilé tèmi nìkan ni ewé wà."

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni Ààrẹ tiwa náà sọ̀rọ̀: ọmọ ogun Gana kò ní lọ. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, mo ti gbọ́ "Ọ̀rọ̀ wọn ni, ẹ jẹ́ kí wọ́n yanjú ẹ̀" lẹ́nu awakọ̀ trotro, lẹ́nu fítà, atúnmọ́tòṣe tó dojú kọ ṣọ́ọ̀bù mi, àti lẹ́nu ọkọ mi nílé wa ní àdúgbò Lagos Town. Ọ̀kan fi Twi sọ ọ́, ọ̀kan fi Haúsá, ọkọ mi fi Yorùbá. Ibì kan náà nínú gbólóhùn náà ni gbogbo wọn ti sinmi díẹ̀. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ni.

Ní Jímọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n mi ní kí n rán awakọ̀ wá pàdé òun ní bọ́dà.

"Àǹtí, ẹ ní sùúrù. Ọ̀rọ̀ wọn ni." Mo sinmi díẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n yanjú ẹ̀."



"Àbúrò mi, ta ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ?"

"Kò sẹ́nì kankan."

Ó pa fóònù. Mo pè é títí, kò wọlé. Mo rán awakọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó dúró ní bọ́dà fún ọjọ́ mẹ́ta, ó padà lásán.

Lọ́jọ́ kọkànlá, ẹ̀gbọ́n mi dá wá fúnra rẹ̀, tòun ti àpò kan. Ọdún mẹ́fà ló fi jù mí lọ. Mo fẹ́ kúnlẹ̀ kí i, àmọ́ òun ti kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ kúulé, mà," ló wí. "Ṣé ẹ lè gbà mí sílé?"