Asọ̀rọ̀mágbèsì Nídìí Ìgò Ọ́kíìdì

Kò sẹ́ni tó ń fi orúkọ pe obìnrin yìí níbi iṣẹ́. Asọ̀rọ̀mágbèsì ni wọ́n ń pè é, bí ẹni ń pe rédíò, nítorí ọ̀rọ̀ kì í tán lẹ́nu rẹ̀. Ẹ wá wo iṣẹ́ tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ yàn láàyò! Nínú yàrá kan tó mọ́ tónítóní, wọ́n á gé ọ̀mùnú òdòdó ọ́kíìdì tí wọ́n fi ń ṣe oògùn ikọ́, wọ́n á fi sínú ìgò tí oúnjẹ rẹ̀ ti dì sí ìsàlẹ̀, wọ́n á sì dé e pa. Tó bá ta gbòǹgbò, ó di inú ọpọ́n omi, láìsí erùpẹ̀ rárá. Àmọ́ bí itọ́ bíńtín bá ta sínú ìgò, á bu bí búrẹ́dì tó pẹ́ nílẹ̀.

Ìyá irúgbìn kan, èyí tí wọ́n ti ń gé ọ̀mùnú, wá kú lójijì. Asọ̀rọ̀mágbèsì ló tọ́ ọ láti kékeré, ó sì dùn ún dọ́kàn. Ọ̀mùnú kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù. Ọ̀gá wọn pè é.

"Kò sẹ́ni tọ́wọ́ ẹ̀ mọ́ tó tìẹ níbí. Ẹnu ẹ nìkan ni mò ń bẹ̀rù. Tí eléyìí bá bu, ó parí nìyẹn o."

"Màá panu mọ́, mà."

Ó délé, ó ní kí ẹnu òun ti ibẹ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́. Ó kí ọkọ rẹ̀, kò sì sọ nǹkan mìíràn mọ́. Àyà ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ káfíńtà, já. Ó gbálẹ̀, ó fọ abọ́. Ìyàwó kàn ń mi orí.

"Ìyàwó mi, jọ̀ọ́. Àbí torí àwo funfun yẹn ni? Èmi ni mo fọ́ ọ, kì í ṣe ológbò."

Odindi ọdún kan ni ìyàwó ti ń bá ológbò yan odì lórí àwo yẹn! Ó sáré wọ yàrá, ó fi ìrọ̀rí di ẹ̀rín mọ́nú.

Lọ́jọ́ kejì, ó ti gé ọ̀mùnú náà dé ìdajì nígbà tí ọ̀rọ̀ ológbò tún sọ sí i lọ́kàn. Ẹ̀rín fẹ́ bú jáde lẹ́nu rẹ̀. Kíá ló dé ìgò pa, ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, ó jáde, ó sì rẹ́rìn-ín títí gbogbo ọ́fíìsì fi yọjú. Ó padà, ó fọwọ́, ó pààrọ̀ ìbòmú, ó gé ìyókù sínú àwọn ìgò mìíràn láìsọ ohunkóhun. Nírọ̀lẹ́ ló tó sọ ìdí tó fi panu mọ́ fún ọkọ rẹ̀, ó sì fi ẹja bẹ ológbò.

Wọ́n dúró fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Nígbà tó yá, ọ̀gá gbé àwọn ìgò náà sókè sí ìmọ́lẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí èyí tó bu. Ewé kéékèèké ti yọ nínú gbogbo wọn.

"Ó yá, sọ̀rọ̀ jàre!" ni ọ̀gá pariwo. "Lónìí, gbogbo wa la fẹ́ gbọ́."

Obìnrin náà lanu, kò rí ọ̀rọ̀ kankan sọ. Ìgò kan ló gbé mọ́ àyà, tó ń sunkún ayọ̀.