Kóró Òwú Onírun

Ọ̀pá irin náà dúró lójijì lórí òkúta. Láti àárọ̀ ni Màmá, ìyá tó bí ìyá mi, ti ń yí i lórí òwú, tí kóró dúdú sì ń ta jáde tó, tó, tó, sínú igbá. Kóró òwú rẹ̀ máa ń dán, kì í mú òwú kankan dání. Ìró yẹn ni mo fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́ nílé wa l'Ọ̀kà. Màmá mú kóró kan lọ síbi tí oòrùn ti ń wọlé. Kóró náà hu irun.

"Ta ló mú èyí wọ oko mi?"

Èmi ni. Lọ́dún mẹ́ta ṣáájú, nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, mo ṣa irú kóró bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó ń rán tìmùtìmù lọ́jà Ìkàrẹ́. Wọ́n rí bí ọmọ eku, mo sì fẹ́ràn wọn. Mo gbin mẹ́ta sí etí oko Màmá, bẹ́ẹ̀ ó ti kìlọ̀ títí pé òwú òun kì í bá òwú àlejò gbé, torí ìyá rẹ̀ ló di irúgbìn yẹn lé e lọ́wọ́ lọ́jọ́ tó ń lọ sílé ọkọ. Nígbà tí wọ́n tanná, tí oyin ń ti orí tiwọn bọ́ sórí tirẹ̀, ẹ̀rù bà mí, mo fà wọ́n tu. Lọ́dún yẹn, gbogbo kóró Màmá dán. Lọ́dún kejì, wọ́n tún dán. Mo ní mo ti mú un jẹ.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ò tiẹ̀ ju ọdún mẹ́ta lọ.

Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́. Ẹgba ni mò ń retí, àmọ́ Màmá kàn jókòó ti igbá náà, ó ń ṣa onírun kúrò lára èyí tó dán.

"Ká fa onírun tu ò tó," ló sọ nígbà tó yá. "Èyí tó dán pàápàá, a ò mọ èyí tó gbé irun pamọ́ sínú. Ọmọ rẹ̀ ló máa tú àṣírí rẹ̀."

Ó padà sóko, ó fa igi onírun tu, ó ká òwú tó ṣì wà lórí àwọn yòókù ní igi kọ̀ọ̀kan, ó sì da kóró igi kọ̀ọ̀kan sínú ìgò tirẹ̀. Nígbà tí òjò dé, ó bu ìdajì nínú ìgò kọ̀ọ̀kan, ó sì gbìn ín sí ebè tirẹ̀. Èmi ni mo bá a ká òwú gbogbo ebè yẹn. Ebè tí onírun bá ti yọ, ìbáà ṣe igi kan péré, ìdajì tó kù nínú ìgò rẹ̀ di ti iná. Ìgò mẹ́rin ló ṣẹ́ kù. Mo sunkún bí mo ṣe ń da kóró inú àwọn ìgò yòókù sínú iná, torí ogún ìyá rẹ̀ ni mò ń sun.

Ní yunifásítì, olùkọ́ wa ya bí irun kóró òwú ṣe ń sá pamọ́ lára ọmọ, tó sì ń yọ lára ọmọ-ọmọ, sójú pátákó. Ó wá ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń dá èyí tó gbé e sínú mọ̀. Ebè àti ìgò Màmá ni. Ẹnu mi ò lè pa dé. Ìyá tí kò wọ ilé ìwé rí.

Màmá ti lọ báyìí, ọ̀kan nínú ìgò mẹ́rin rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ mi. Títí dòní, tí mo bá ṣe ohun tí kò dáa, tí ọdún kan kọjá, tí èkejì kọjá, tí ẹnikẹ́ni ò rí i, ọkàn mi kì í balẹ̀. Ọdún kẹta ni mo máa ń wò.