Ìṣó Mẹ́ta Nínú Òrùlé Ìjọ Wa

Ẹ̀yin ọmọ, nígbà tí mo ṣì kéré ní Ogida, níbí ní ìlú Benin, iṣẹ́ káfíńtà ni bàbá mi ń ṣe. Ará Japan kan tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ rí níbi ìlagi ló kọ́ ọ bí a ṣe ń so igi ńlá pọ̀ láìlo ìṣó: a ó gbẹ́ ihò sára ọ̀kan, a ó gbẹ́ ahọ́n tí yóò wọ inú ihò náà sára èkejì, a ó sì fi èèkàn igi há wọn pọ̀.

Nígbà tí ìjọ wa fẹ́ kọ́ ilé ìsìn ńlá, bàbá mi bẹ̀ wọ́n pé kí òun fi ọgbọ́n yìí ṣe òrùlé rẹ̀. Wọ́n gbà, ṣùgbọ́n ọkàn àwọn alàgbà kò balẹ̀, wọ́n á máa bi í pé:

"Bàbá Káfíńtà, ṣé ìṣó ti tán lọ́jà ni?"

"Alàgbà, ṣé ìṣó ni Olúwa fi kan ọrùn yín mọ́ èjìká?"

Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Èmi kì í rẹ́rìn-ín. Mo rò pé òrùlé náà yóò wó lé ìyá mi lórí láàrin àwọn akọrin. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí bàbá mi lọ jẹun, mo gun àkàbà, mo kan ìṣó gígùn mẹ́ta mọ́ ọ̀kan nínú àwọn oríkèé igi náà.

Igi a máa wú nígbà òjò, a sì máa súnkì nígbà ọyẹ́. Èèkàn igi á bá a lọ. Ìṣó kì í yẹ̀ fún un. Nígbà tí ọyẹ́ dé, igi ọ̀gánwó tí mo kan ìṣó mọ́ là dé àárín. Àwọn alàgbà ní kí bàbá mi kó irinṣẹ́ rẹ̀, àwọn yóò pe ẹlòmíràn. Bàbá mi gòkè, ó rí orí ìṣó, ó sọ̀kalẹ̀ wá bá mi.

"Ìwọ ni?"

"Èmi ni, Bàbá. Ẹ má bínú."

Ó yíjú sí àwọn alàgbà. "Ẹ̀bi mi ni. Mo fún un ní òòlù, mi ò ṣàlàyé iṣẹ́ fún un. Èmi ni n ó wá igi mìíràn."

Igi tó ti ń tọ́jú fún òrùlé ilé tirẹ̀ ló gbé wá.

Lónìí, irin ni wọ́n fi ń ṣe òrùlé káàkiri Airport Road, ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n sì fi ń parí rẹ̀. Mi ò bá wọn jà. Òrùlé ìjọ wa ṣì dúró, àwọn èwe sì ń bi mí ẹni tó ṣe é. Mo máa ń sọ fún wọn. Ohun tí mi ò tíì sọ rí ni pé inú yàrá tí a háyà ni bàbá mi kú sí.