Késárì àti Owó Ọba Róòmù

Nígbà ayé olóògbé atúnagogoṣe tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Késárì, ọ̀sán gangan ni àwọn olè wọ ilé rẹ̀. Wọ́n gbé rédíò, wọ́n gbé fáànù. Wọ́n yẹ owó fàdákà àwọn ará Róòmù àtijọ́ tí bàbá fi gbogbo ayé rẹ̀ kó jọ wò, wọ́n dà á sílẹ̀, wọ́n ń lọ. Ìyẹn ló bí Késárì nínú. Ó lé wọn dé ojú títì: "Ẹ̀yin aláìmọ̀kan! Owó tó ti lo ẹgbẹ̀rún ọdún méjì lẹ fi sílẹ̀, ẹ wá gbé fáànù tí kì í fẹ́!" Àwọn olè ní kó má bínú.

Bó bá fẹ́ ra irú owó bẹ́ẹ̀ ńkọ́? Ọba tó wà lójú owó ló máa kọ́kọ́ bú.

"Ẹ wo imú ọba yìí, ó ti parẹ́. Ẹ yọ owó imú kúrò."

"Bàbá, ọba náà ti kú," oníṣòwò á ní.

"Kò ní bínú nígbà náà. Ẹ dín in!"

Àfi ọjọ́ tí ìyàwó rẹ̀ ní kóun ṣe é lóore. Ó mú èyí tó dúdú jù nínú àwọn owó náà, ó fi eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ bó o títí ó fi ń kọ mànà.

"Bàbá, mo ti bá yín fọ ìdọ̀tí ẹ̀ o!"

Késárì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ìdọ̀tí kọ́. Ọjọ́ orí ẹ̀ ni. Dúdú yẹn là ń sanwó fún."

Kò pariwo. Ì bá pariwo, ì bá sàn fún ìyàwó. Ó kàn fi bébà wé owó náà, kò sì sọ ọ́ mọ́. Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni ọ̀rọ̀ yìí fi ń jẹ ìyàwó lọ́kàn: ṣé ó dárí jì mí ṣá? Ẹnu kò gbà á láti bi í, ikú sì mú Késárì lọ.

Lẹ́yìn ìsìnkú, oníṣòwò wá ra àwọn owó náà. Bó ṣe tú bébà ara ọ̀kan, tí ìkọ̀wé wà nínú rẹ̀, ó pòṣé.

"Mọ́mì, wọ́n ti ba èyí jẹ́. Ta ló fọ̀ ọ́?"

Ìyàwó Késárì nawọ́ sí bébà náà. "Èmi ni. Kí ni wọ́n kọ sára bébà yẹn?"

Oníṣòwò gbé e súnmọ́ ojú. "'Kì í ṣe títà. Láti ọjọ́ tí ọba yìí ti kú, ìyàwó mi nìkan ló ráyè wẹ̀ ẹ́.'"

Ìyá bú sẹ́rìn-ín, omi sì ń dà lójú rẹ̀ pòròpòrò. "Ọkùnrin yìí burú o! Ẹ ò kúkú sọ fún mi, ọkọ mi." Ó gba owó náà lọ́wọ́ oníṣòwò, ó dì í mú gírígírí.