Ẹ̀rọ ìfọṣọ mi tí kò ní òpó

Bàbá ọkọ mi ti gba ẹ̀rọ ìfọṣọ tuntun lọ́wọ́ mi láàárọ̀ yìí.

Apẹja ni wọ́n, Imeke ni wọ́n ń gbé. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n ki àwọ̀n wọn sínú ẹ̀rọ ti ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, èyí tó ní òpó láàárín tó máa ń yí aṣọ ká. Àwọ̀n náà lọ́ mọ́ òpó yẹn pinpin. Ọ̀bẹ la fi gé e kúrò. Ọjọ́ méjì gbáko ni Baba fi tún un hun.

Lónìí, wọ́n yọjú sí mi, àwọ̀n ń bẹ lábíyá wọn. Wọ́n ṣí ìdérí ẹ̀rọ mi.

"Ìyàwó mi, òpó rẹ̀ dà?"

"Kò ní òpó, Baba. Abọ́ pẹlẹbẹ tó wà nísàlẹ̀ yẹn ló ń yí, omi ló ń gbé aṣọ kiri."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé mo ti sọ̀rọ̀ jù.

"Baba, ẹ jọ̀ọ́, aṣọ ni wọ́n ṣe é fún."

"Kí ni wọ́n fi hun àwọ̀n, ṣé kì í ṣe òwú?"

Wọ́n ti yọ gbogbo òjé tó ń mú àwọ̀n rì sómi kúrò lára rẹ̀ láti ilé wá, wọ́n sì kó o sínú ẹ̀rọ.

Àwọ̀n jáde láìlọ́, ó mọ́ tónítóní. Wọ́n ṣàdúrà fún mi bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ìbejì.

Bí mo ṣe ń kọ èyí, ọ̀rẹ́ wọn mẹ́ta ti gbé àwọ̀n tiwọn jókòó sẹ́nu ọ̀nà mi.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ráhùn pé òpó inú ẹ̀rọ yín ń fa aṣọ ya, ẹ lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àbí ta ló fẹ́ ká ṣe pàṣípààrọ̀ ẹ̀rọ?