Ewé Tí Mo Ṣà Lójú Ọ̀nà Igbó Ìgàngàn

Àkùkọ kọ lẹ́ẹ̀kan péré nígbà tí èmi àti Àṣàkẹ́ ìyàwó mi ti ilẹ̀kùn wa ní Abẹ́òkúta, tí a kọrí sí gáréèjì. Àsìkò ọyẹ́ ni, ọdún tó kẹ́yìn kí ìjọba tó pààrọ̀ pọ́n-ùn wa sí náírà. Ètè mi ti là, imú mi ń ṣàn, mo sì ń kùn yùnmùyùnmù. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí, ẹ má bá mi wí. Aago ni mo ń tún ṣe, abẹ́ òrùlé ni mo ti ń jẹun láti kékeré. Èmi tí n kò sun oko baba tèmi rí ni wọ́n ní kí n wá sun inú igbó, láìsí àgọ́, láìsí ahéré!

Bàbá ìyàwó mi ló ránṣẹ́ pè wá. Ọdẹ ni wọ́n ní Ìgàngàn, Àṣàkẹ́ nìkan sì ni ọmọ tó kù fún wọn láyé. Wọ́n ní orúnkún ń ro àwọn, àwọn fẹ́ dẹ̀gbẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i kí àwọn tó gbé ìbọn kọ́ sára ògiri. Ẹ̀yin ará ilé tí ẹ kò bá mọ ohun tí ń jẹ́ dẹ̀gbẹ́: ọdẹ á wọ igbó lọ, kò ní í padà wálé fún ọjọ́ mélòó kan, ibi tí ilẹ̀ bá ṣú u sí ni yóò sùn. Bàbá fẹ́ kí àwa méjèèjì bá àwọn sùn níbẹ̀ lóru méjì, kí a lè mọ ibi tí owó ilé-ẹ̀kọ́ Àṣàkẹ́ ti wá. Ta ni yóò kọ irú ìyẹn fún àna rẹ̀? Ọdún kẹsàn-án tí mo fẹ́ ọmọ wọn nìyẹn, n kò sì tíì ṣe ohun kan tí wọ́n lè fi mí yangàn láàárín àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ wọn. Mo pinnu pé ìrìn yìí ni n ó fi hàn wọ́n pé n kì í ṣe ọ̀lẹ. A gbé Délé ọmọ wa ti ìyá mi, ó di ọ̀nà.

Bọ́lẹ̀kájà gba ṣílè méjì àti sísì lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan wa dé Ìgbó-Ọrà. Ọ̀dà ojú títì kò bá wa jìnnà, erùpẹ̀ pupa ló gba ọ̀nà lọ́wọ́ rẹ̀. Obìnrin tó jókòó tì mí pọn ọmọ kan sẹ́yìn, ó gbé èkejì lé mi lẹ́sẹ̀ láìbi mí léèrè. Ní Abẹ́òkúta, ìyá ọmọ á kọ́kọ́ bẹ̀ ọ́, á sì máa wo ojú rẹ kó tó gbé ọmọ fún ọ. Àwọn ará Ìgbó-Ọrà kò ní àyè ìyẹn, ìbejì pọ̀ jù lọ́wọ́ wọn. Ẹni tí itan rẹ̀ bá ṣófo ni wọ́n ń gbé èkejì fún. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, irun orí mi ti pọ́n wẹ̀ẹ̀, ṣòkòtò mi sì ti tutù nítorí ọmọ ọlọ́mọ.

Dẹ́rẹ́bà wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ gbọnra yín dáadáa o, Alàgbà! Ẹ má gbé ilẹ̀ wa lọ sí Ìgàngàn, oko la fi ń dá!"

Tọ́rọ́ tọ́rọ́ ni a fi jẹun níbẹ̀, ọkà dúdú pẹ̀lú ọbẹ̀ ìlasa, ewé ilá ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Láfún funfun ti ilé wa ni mo mọ̀, mo kọ́kọ́ fojú di í. Mo jẹ ẹ́ tán, mo tún bu òmíràn. Ọkọ̀ mìíràn gbé wa gba Ìdèrè kọjá lọ sí Ìgàngàn, ilé Bàbá sì ni a sùn lálẹ́ ọjọ́ náà.

Lọ́jọ́ kejì, oòrùn kò tíì gbóná tí a fi dé etí igbó ìjọba. Olùṣọ́ igbó kan jókòó síbẹ̀, ó kọ orúkọ wa sínú ìwé. "Ẹ sùn síbi tó bá wù yín," ó ní, "kí ẹ má gé igi ńlá, kí ẹ sì rí i pé iná yín kú fin-ín kí ẹ tó kúrò." Ilé ẹ̀gbọ́n Bàbá lóbìnrin wà nínú aba tó sún mọ́ ibẹ̀. Ibẹ̀ ni Àṣàkẹ́ yóò ti dúró gba iṣu, epo àti iyọ̀ tí a ó jẹ, kó tó tẹ̀ lé wa bí oòrùn bá ti kúrò ní àtàrí.

Bàbá yíjú sí i. "Ṣé o ṣì rántí?"

"Mo rántí, Bàbá."

N kò bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń sọ. Ẹ̀ṣẹ̀ mi àkọ́kọ́ nìyẹn.

Bàbá ṣáájú, ìbọn ní èjìká, akèrègbè omi ní ìbàdí. Èmi ru ẹní mẹ́ta, mo tẹ̀ lé wọn lókèèrè díẹ̀, nítorí orúnkún tí wọ́n ní ó ń ro àwọn yìí, orí ọ̀dà nìkan ló ti ń ro wọ́n. Bí wọ́n ṣe wọ igbó, ńṣe ni wọ́n ń sáré! Ọdẹ kì í sọ̀rọ̀ nínú igbó, nítorí náà n kò lè bi wọ́n ní ohunkóhun. Ó pẹ́ díẹ̀, ọ̀nà pín sí méjì. Bàbá gba apá ọ̀tún. Nígbà tí èmi náà débẹ̀, mo rí ẹ̀ka igi eléwé kan tó dùbúlẹ̀ gbalaja lójú ọ̀nà apá òsì, tútù yọ̀yọ̀, ó hàn pé ọwọ́ Bàbá ló ti já a.

Ẹ̀yin ará ilé mi, ẹ mọ iṣẹ́ tí mo ń ṣe. Ìdè inú aago, irin kékeré tó ń di ara rẹ̀ mú, kò ju ẹyin iná orí lọ. Bó bá jábọ́ tí o kò ṣà á, o jẹ gbèsè aago oníbàárà. Láti ìgbà tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́, ohun tó bá wà nílẹ̀ kì í sinmi lójú mi. Bàbá sì ti sọ fún mi nílé pé orí ewé ni a ó tẹ́ ẹní sí. Mo ní, àṣé àna mi ń já ewé ìbùsùn sílẹ̀ fún èmi tí mo ń bọ̀ lẹ́yìn! Mo ṣà á. Ní oríta kejì, mo tún rí òmíràn, mo ṣà á. Ní oríta kẹta, mo ṣà á, mo fi ìtàkùn dì wọ́n pọ̀, mo gbé wọn lé orí ẹní. Inú mi dùn bí ẹni pé wọ́n ti ń yìn mí.

Ibi tí a dé sí dára. Àpáta pẹrẹsẹ kan ni, omi tútù dúró nínú kòtò rẹ̀ nínú ẹ̀ẹ̀rùn yẹn! Bàbá fi àdá ro abẹ́ igi, wọ́n to òkúta mẹ́ta fún iná, wọ́n wá tọ́ka sí ibùsùn wa lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: tàwọn níhìn-ín, tèmi àti Àṣàkẹ́ lọ́hùn-ún. Nílé wa, àwa márùn-ún la ń sùn sórí ẹní kan nígbà tí mo wà ní kékeré. Bàbá ní ọdẹ kì í sùn pọ̀, kí ìjàǹbá má bàa bá gbogbo ilé lójú kan.

Mo sọ ìdì ewé mi kalẹ̀ níwájú wọn. "Bàbá, ewé ìbùsùn rèé o."

Wọ́n wò ó. Wọ́n tún un wò. "Níbo lo ti rí i?"

"Ojú ọ̀nà ni, Bàbá. Ẹ̀ka mẹ́ta. Mo ń ṣà á bí ẹ ti ń já a sílẹ̀."

Wọ́n gbé ìbọn sílẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. "Ọkọ Àṣàkẹ́," wọ́n ní, "ọ̀nà tí kò dára ni mo fi ewé dí. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ìyàwó rẹ ni."

Háà! Mo wòkè, oòrùn ti rọlẹ̀, ó sì ti yẹ kí Àṣàkẹ́ ti dé ọ̀dọ̀ wa. Mo béèrè ibi tí àwọn ọ̀nà yẹn já sí. Wọ́n ní èkíní já sí odò gbígbẹ tó jìn. Àwọn ọdẹ dẹ tàkúté onírin sí ọ̀nà kejì. Ẹ̀kẹta, àwọn fúnra wọn kò mọ ibi tó já sí. Ká ní wọ́n bú mi ni, ara ìbá tù mí. Wọn kò bú mi. Wọ́n kàn gbé ìbọn àti àdá, wọ́n yíjú sí ọ̀nà tí a gbà wá, mo sì ń sáré tẹ̀ lé wọn. Àwọn àgbà ní àlejò lójú, kò fi ríran. Tèmi burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: mo rí i, mo sì gbé e.

Ní oríta tó sún mọ́ wa jù, Bàbá kúnlẹ̀, wọ́n wo ilẹ̀. Kò sí ipasẹ̀ Àṣàkẹ́. Ní oríta tàkúté, kò sí. N kò mọ̀ bóyá kí n dúpẹ́ ni tàbí kí n sunkún.

Bí a ti ń lọ ni Bàbá wá sọ̀rọ̀. "Ọmọ ọdún méje ni nígbà tí mo kọ́ ọ. Mo ní bó bá dé oríta tí kò rí ewé, kó jókòó. Kó má gba ọ̀tún, kó má gba òsì. Ẹni tó ṣáájú rẹ̀ ni yóò padà wá mú un." Wọ́n yára sí i. "Àmọ́ ọdún méjìlélógún rèé tó ti wà nígboro. Ìgboro máa ń mú ènìyàn gbàgbé."

Ẹ̀rù bà mí, n kò ní í purọ́. Gbogbo ìgbà tí mo ti bú Àṣàkẹ́ pé ará oko ni, gbogbo rẹ̀ ló ń padà bọ̀ wá bá mi lọ́nà yẹn. Mo ní, Olúwa, jẹ́ kó jẹ́ ará oko lónìí. Jọ̀ọ́, má jẹ́ kí Abẹ́òkúta ti wọ̀ ọ́ lára.

Bí a ti sún mọ́ oríta àkọ́kọ́, Bàbá súfèé lẹ́ẹ̀mejì. A tẹ́tí. Lẹ́yìn náà, súfèé dáhùn lẹ́ẹ̀mejì láti iwájú.

Ó jókòó sí ìdí igi, agbọ̀n iṣu lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, èèrà ti jẹ ẹ́ dé orúnkún. Ó kí bàbá rẹ̀ káàbọ̀. Ó wá wò mí láti òkè dé ilẹ̀.

"Bàbá Délé," ó ní, "ẹ̀yin lẹ ṣà á, àbí? Mo rí ojú ibi tí Bàbá ti já a lára igi, n kò rí ewé nílẹ̀. Mo ní, yéè, ọkọ mi ti gba ibí kọjá!"

Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, n kò sì rò pé gbogbo omi yẹn ni ti ẹ̀rín. Èmi dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ nínú eruku níwájú wọn.

"Dìde," wọ́n ní. "Ọmọ mi ni mo kọ́, n kò kọ́ ọkọ rẹ̀. Ẹ̀bi mi ni." Wọ́n na àdá sí mi. "Ó yá, já ewé kan kí o fi dí ọ̀nà òsì yẹn."

"Ta ló tún kù lẹ́yìn, Bàbá?"

"Àwa náà ni. A ó gba ibí padà."

Ọwọ́ mi ni mo fi dí oríta mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà bí a ti ń lọ. A jẹ iṣu sísun, epo pupa àti iyọ̀, n kò sì jẹ oúnjẹ tó dùn tó ìyẹn rí láyé mi. Lóru méjèèjì tí a lò níbẹ̀, bí mo bá ta jí, mo máa ń na ọwọ́ wò bóyá Àṣàkẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Bàbá kò pa ju òyà méjì lọ. Wọ́n ní àwọn ti rí ohun tí àwọn wá wá.

Nígbà tí a ó kúrò, a da omi sí iná, a fọwọ́ kan eérú títí ó fi tutù, a fi igi gbígbẹ díẹ̀ àti iyọ̀ sínú ewé sílẹ̀ fún ẹni tó bá tún gba ibẹ̀. Bàbá ní kí n kẹ́yìn. A dé oríta, wọ́n dúró, wọ́n tọ́ka sí ẹ̀ka tí mo fi dí ọ̀nà, tó ti rọ.

"Ẹni tó bá kẹ́yìn ní í kó o kúrò," wọ́n ní. "Àna mi, ìsinsìnyí ni kí o wá ṣà á."

Mo ṣà á. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

A padà dé Abẹ́òkúta nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì tí a jáde nínú igbó, pẹ̀lú eruku, iṣu mẹ́wàá àti itan òyà kan. Délé sáré pàdé wa. Mo ti padà sẹ́nu iṣẹ́ mi, mo ṣì ń ṣa nǹkan nílẹ̀, ṣùgbọ́n nísinsìnyí mo máa ń kọ́kọ́ béèrè pé ta ló fi í síbẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá tí wọn kò bú mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó ní sùúrù fún òmùgọ̀.

Bí mo ti ń kọ èyí, Àṣàkẹ́ ń wò ó láti ẹ̀yìn mi. Ó ní mo ti kọ ti iṣu, mo ti kọ ti ìlasa, mo ti kọ ti ìtọ̀ ọmọ ọlọ́mọ, pé ibo ni tòun wà? Ó ní kí n kọ ọ́ ketekete pé òun rí ọ̀nà méjèèjì tí òun ì bá gbà, pé èèrà jẹ òun, pé oòrùn ń wọ̀, òun kò sì dìde.

Mo ti kọ ọ́. Kò dìde. Ó jókòó dè mí.