Ènìyàn Mẹ́ta, Ọ̀kadà Yìnyín Kan

Àbúrò mi ló kọ́kọ́ fi fídíò náà hàn mí. Àbúrò ni mò ń pè é nítorí pé ó ti tó ọdún méje tí a ti jọ ń gbé yàrá kan ní Hor Al Anz, ní Dubai. A kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Ṣọ́ọ̀bù onídìrí kan ní Al Majaz ló ti ń ṣiṣẹ́, inú bọ́ọ̀sì láti Sharjah wá sí Dubai ló sì ti máa ń wo fídíò. Lọ́jọ́ náà, kò tíì bọ́ bàtà tó fi na fóònù sí mi nídìí ìkòkò ọbẹ̀.

"Àǹtí, ẹ wá wo ohun tí obìnrin ń ṣe!"

Obìnrin kan ni, lórí ẹ̀rọ kan tó jọ ọ̀kadà ṣùgbọ́n tí kò ní táyà. Pátákó gígùn méjì ló wà níwájú rẹ̀, bẹ́líìtì fífẹ̀ kan sì ń yí lábẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Yìnyín tó ń gùn kọjá kì í ṣe irú èyí tó máa ń le gbagidi nínú fírísà. Ó rọ̀, ó jìn, ó sì ń fò sókè bí ìgbà tí ènìyàn bá ń ku èlùbọ́. Nígbà mìíràn, orí obìnrin náà nìkan la máa ń rí. Kò ní pẹ́ tí yóò tún fi yọ síta, tí yóò máa rẹ́rìn-ín.

Mo wò ó lẹ́ẹ̀mẹta. Mo padà sídìí ọbẹ̀ mi.

Kẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo ló wà nílé bàbá mi nígbà tí mo wà ní ọmọdé, ti àwọn ọmọkùnrin sì ni. Èmi ni mo máa ń di ìjókòó rẹ̀ mú lẹ́yìn, tí mo máa ń sáré tẹ̀lé e, títí àwọn àbúrò mi ọkùnrin méjèèjì fi mọ̀ ọ́n gùn. Kò sẹ́ni tó ní kí n má gùn ún. Kò sẹ́ni tó ní kí n gùn ún, èmi náà kò sì béèrè. Láti ìgbà náà, gbígbé ni wọ́n ń gbé mi kiri: bọ́ọ̀sì, ẹ̀yìn ọ̀kadà, mẹ́tírò. Mo ti di ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta, n kò sì tíì wa nǹkan kan rí.

Àlàájà ló sọ fídíò náà di ìrìn àjò. Àlàájà ni ọ̀gá mi, òun ló ni ṣọ́ọ̀bù káàgò tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Deira, níbi tí a ti ń wọn ẹrù àwọn oníṣòwò, tí a ń dì í, tí a sì ń fi í ránṣẹ́ sí Èkó. Ó ti lo ohun tó lé ní ogún ọdún ní Dubai láìlọ síbòmíràn ju Èkó àti Mẹ́kà lọ. Nígbà tí àbúrò mi fi fídíò náà hàn án, ó ní, "Ibo nìyí?" Àbúrò mi ní orílẹ̀-èdè Georgia ni, kì í ṣe ti Amẹ́ríkà, pé ẹni tó bá ní káàdì ìgbélùú níbí kò nílò físà kankan láti wọbẹ̀, àti pé bàálù máa ń lọ láti Sharjah.

"A ó lọ," ni Àlàájà wí. "Mo fẹ́ rí ibi tí kì í ṣe ọjà kí n tó darúgbó."

"Owó ńkọ́, mà?" ni àbúrò mi béèrè.

"Jẹ́jẹ́ á wá bí a ó ṣe ṣe é lówó pọ́ọ́kú."

Èmi ni Jẹ́jẹ́. Orúkọ tó fún mi nìyẹn, torí pé ó lè tó wákàtí mẹ́ta tí a jọ máa wà ní ṣọ́ọ̀bù kí ó tó rántí pé mo wà níbẹ̀.

Mo ra ìwé àkọsílẹ̀ kan, mo sì bẹ̀rẹ̀. Àárín ọ̀sẹ̀ ni a ó lọ, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ilé ìwé bá ti wọlé, nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú kò wọ́n. Ẹrù ọwọ́ nìkan ni a ó gbé, kílò méje lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Aṣọ tó bá nípọn, a ó wọ̀ ọ́ sọ́rùn wọ bàálù. Ilé àlejò tó ní ilé ìdáná la ó dé sí, kí a lè máa se oúnjẹ wa fúnra wa. Akoto, aṣọ yìnyín àti bàtà, mo ní kí a háyà wọn lọ́hùn-ún, nítorí ọjọ́ kan péré la ó lò wọ́n. Àlàájà kò gbà. Ó ti rí ẹni tó ń ta aṣọ yìnyín ní dọ́sìnnì.

"A ó wọ mẹ́ta, a ó fi mẹ́sàn-án tó kù ránṣẹ́ sí Èkó."

Àbúrò mi bú sẹ́rìn-ín. "Àlàájà, ta ló fẹ́ ra aṣọ yìnyín ní Èkó?"

"Àwọn tó ń ta ẹja nínú kóòdù-rúùmù ńkọ́? Ṣé òtútù kì í mú wọn ni?"

Ó gbà wá ní ọjọ́ méjì kí a tó mú un kúrò nídìí ọ̀rọ̀ náà.

Lẹ́yìn èyí ni mo kọ̀wé sí ọkùnrin kan tó máa ń mú àlejò gun orí òkè yìnyín lọ́hùn-ún. Mo kọ ọ́ dáadáa: ènìyàn mẹ́ta, ẹ̀rọ kan, ọjọ́ kan. Kì í ṣe pé n kò ronú kí n tó kọ ọ́. Mo wo gígùn ìjókòó ẹ̀rọ náà nínú àwòrán, mo sì rí i pé bí obìnrin mẹ́ta bá fún ara wọn pọ̀ dáadáa, yóò gbà wọ́n. Èmi tí mo ti jókòó sáàárín ọlọ́kadà àti ìyá ọlọ́mọ kan, pẹ̀lú ọmọ náà lẹ́yìn rẹ̀ àti àpò gààrí lórí itan mi, kí ni n ó ṣe máa rò pé ẹ̀rọ tó gùn tó yẹn kò ní gba mẹ́ta?

Ohùn ni ọkùnrin náà fi dá wa lóhùn. Ẹ̀rín la kọ́kọ́ gbọ́. Ó wá ní ènìyàn méjì lè gùn ún lójú ọ̀nà tí wọ́n bá ti tẹ̀ mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n nínú yìnyín tó rọ̀ tó sì jìn, ẹnì kan, ẹ̀rọ kan ni. Bí ẹnì kejì bá wà lẹ́yìn, ìdí ẹ̀rọ yóò rì, ẹni tó ń wà á kò sì ní ráyè dìde dúró kó fi ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ sọ́tùn-ún àti sósì, bẹ́ẹ̀ ara ni wọ́n fi ń darí rẹ̀ níbẹ̀. Ó ní olúkúlùkù gbọ́dọ̀ so ẹ̀rọ kékeré kan mọ́ àyà, tí yóò máa ké sí àwọn tó kù bí yìnyín bá ya lulẹ̀ láti orí òkè bo ènìyàn mọ́lẹ̀. Owó háyà rẹ̀ wà lọ́tọ̀.

Àlàájà gba fóònù lọ́wọ́ mi. "My brother, yọ owó ti àyà yẹn kúrò. A ó máa ṣọ́ra."

Ọkùnrin náà dáhùn pé, "Madam, bí yìnyín bá gbé yín mì, báwo ni n ó ṣe rí yín?"

"Ẹ jẹ́ ká wọ gèlè pupa," ni àbúrò mi wí.

"Dákẹ́! Ó ti pa mí lẹ́nu mọ́," ni Àlàájà wí, ó sì dá fóònù padà fún mi.

Mo tún ìṣirò náà ṣe níwájú wọn. Bó ti wù kí n fa owó náà síbí fà á sọ́hùn-ún, ẹ̀rọ méjì ló lè ká. Mo béèrè lọ́wọ́ ọkùnrin náà bóyá a lè máa gbà á lọ́wọ́ ara wa. Ó ní rárá, pé láti àárọ̀ tí a bá ti gòkè, ìrọ̀lẹ́ la ó tó sọ̀ kalẹ̀.

"Kò burú," ni Àlàájà wí. "Èmi àti àbúrò á lọ. Jẹ́jẹ́ á dúró sílé, á ya fọ́tò wa bí a bá ń dé. Àbí, Jẹ́jẹ́?"

"Kò burú, mà."

Bí ẹnu mi ṣe máa ń dáhùn nìyẹn kí n tó mọ ohun tí mo ń rò.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo kọ Ìbàdàn sára páálí kan tó ń lọ sí Ìkòròdú. Àlàájà ló rí i. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá a ṣiṣẹ́, n kò ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ó kọ́kọ́ wo páálí, ó wá wo ojú mi.

"Kí ló ń ṣe ọ́? Ṣé ara rẹ ò yá ni?"

"Ara mi yá, mà. Èmi náà fẹ́ lọ."

"Àbí ta ló ní o ò ní lọ? Ṣé mo ti yọ ọ́ ni?"

"Kí n wà á, mà. Mo fẹ́ wa ẹ̀rọ náà fúnra mi."

Ó ní kí n tún un sọ, torí pé ohùn mi kò jáde. Mo tún un sọ.

"Ìwọ? Ìwọ tí o máa ń di ọwọ́ àtẹ̀gùn tó ń dá rìn ní mẹ́tírò mú bí ẹni pé wọ́n fẹ́ jí ọ gbé?"

"Èmi náà ni, mà."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó lórí béélì aṣọ. Nígbà tó nu ojú rẹ̀ tán, ó ní, "Ó dáa. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n wà ló máa wà á. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ì báà jẹ́ èmi, á jókòó sílé."

Ọkùnrin ará Georgia ti sọ fún wa pé ẹni tó bá ti wa alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin nínú iyanrìn tó rọ̀, yìnyín kò ní ṣe àjèjì sí i púpọ̀. Iyanrìn kò sì wọ́n wa. Ní ọjọ́ Sunday, a bọ́ sí aṣálẹ̀ Sharjah, níbi tí iyanrìn ti pupa, a sì háyà ẹ̀rọ kan fún wákàtí kan, ogún ìṣẹ́jú lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Ará Pakistan ni ọkùnrin tó ni ín, "bájì" ló sì ń pe àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìyẹn ẹ̀gbọ́n obìnrin lédè wọn. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ló sọ. Má ṣe wo iwájú ẹ̀rọ, ibi tí ò ń lọ ni kí o máa wò. Má ṣe dẹwọ́ lórí òkè. Bí o bá rì, má ṣe fi iná sí i kí táyà má baà túbọ̀ wọlẹ̀, sọ̀ kalẹ̀. Mo kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀.

Àbúrò mi ló kọ́kọ́ gùn ún. Eré ló bá lọ, igbe ló bá bọ̀. Ó rì lẹ́ẹ̀kan, ó sì fi iná sí i títí táyà méjèèjì ẹ̀yìn fi wọlẹ̀ pátápátá, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fà á yọ, ó gun òkè náà lẹ́ẹ̀mejì láìdúró.

Àlàájà ṣe bísímílà, ó bọ́ síta. Adìẹ ìbá yá jù ú lọ.

"Yalla, bájì, yalla!" ni ọkùnrin náà ń pariwo, pé kó yára.

"Má dá mi ní yalla! Ṣé ìwọ lo máa sin mí ni?"

Ó sì rọra rọ́ lọ sínú kòtò kan, ẹ̀rọ náà dọ̀bálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, Àlàájà wá jókòó sínú iyanrìn pẹ̀lú akoto lórí, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sọ pé, "Khalas! Ẹ wá gbé mi, ó ti tó!"

Ó wá kàn mí. Mo dé ìdajì òkè náà, ẹ̀rù bà mí, mo dẹwọ́, ẹ̀rọ sì rì. Mo gbọ́ tí àbúrò mi ń kígbe pé, "Àǹtí, ẹ fi iná sí i!" N kò fi iná sí i. Mo sọ̀ kalẹ̀. Mo fi ẹsẹ̀ tẹ iyanrìn iwájú táyà kọ̀ọ̀kan mọ́lẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, títí ó fi le. Mo tún gùn ún. Lọ́tẹ̀ yìí, mo dìde dúró, mo tẹjú mọ́ ṣóńṣó òkè, n kò sì dẹwọ́ títí tí kò fi sí iyanrìn níwájú mi mọ́, ojú ọ̀run nìkan. N kò pariwo. Ìgbà tí mo fẹ́ gbé itọ́ mì ni mo mọ̀ pé ẹnu mi ti là sílẹ̀, tí iyanrìn sì ti kún un.

Mo tún gun òkè náà lẹ́ẹ̀mẹta kí ogún ìṣẹ́jú mi tó pé.

Nínú ọkọ̀ tí a fi ń padà, Àlàájà ń gbọn iyanrìn kúrò lára aṣọ rẹ̀. Mo mọ̀ pé ó dùn ún. Òun ló kọ́kọ́ ní kí a lọ.

"Kọ orúkọ ẹ̀yin méjèèjì," ló wí nígbẹ̀yìn. "Èmi á jókòó ti iná, n ó máa wo yìnyín láti ojú fèrèsé. N ó sùn. Mo ti ń jẹ ara mi ní gbèsè oorun láti ọdún yìí wá."

"Àlàájà, ẹ jẹ́ kí n fún yín ní ààyè mi…"

"Gbẹ́nu dákẹ́! Ohùn tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ lọ́sẹ̀ yìí, o tún fẹ́ gbé e mì?"

Àbúrò mi rẹ́rìn-ín. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Àlàájà.

Ní ọjọ́ kejì, ọkùnrin náà fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́. Ó béèrè irú ẹ̀rọ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ti wà rí, àti ibi tó ti wà á. Àbúrò mi kọ "púpọ̀". Èmi kọ ọ́ bó ṣe rí: alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, nínú iyanrìn, ogún ìṣẹ́jú, mo rì lẹ́ẹ̀kan, mo sì yọ ara mi.

Ó dá mi lóhùn láàárín wákàtí kan. Ó ní ìyẹn tó, pé kí n wá ìbọ̀wọ́ tí omi kò lè wọ̀, nítorí ọwọ́ àwọn tó ń wà á ló kọ́kọ́ máa ń tutù.

Ó ku ọjọ́ mọ́kànlá kí a gbéra. Mo ti wá ìbọ̀wọ́ náà dé ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin ní Deira. Dọ́sìnnì ni gbogbo wọn fẹ́ tà.